Ìwò Méjì ní Bodø

Torgunn ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí bí bàálù ogun tuntun bá balẹ̀,
Torgunn ọlọ́dà, ọmọ apẹja,
tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kọ orúkọ sí imú irin.
Òtútù Bodø kì í ṣeré: ọ̀dà a máa dì sínú agolo,
a sì tì í bọ abẹ́ ẹ̀wù, sí ìhà àyà, kó tó yọ́.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Àwọn ọ̀gá ológun wo ilé,
ìtàn àwọn òrìṣà àtijọ́ ni wọ́n bá lájà.
Èyí tó ń bú bí àrá, wọ́n ní kó máa jẹ́ Tor.
Eivind, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò ní bodè,
ní kí wọ́n sọ ọ̀kan ní Loki.
Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín náà sì kú lójijì.
Ta ni yóò jókòó sínú ẹ̀tàn
tí yóò ní kó gbé òun délé?

Ó wá ku méjì tí kò ru bọ́ǹbù, ojú nìkan ni wọ́n gbé.
Hugin àti Munin, ẹyẹ ìwò Odin olójú kan,
tó ń jí fò yí ayé po, tó ń bọ̀ wá rò fún un lálẹ́.
Èrò ni Hugin. Ìrántí ni Munin.
Wọ́n ní ẹ̀rù a máa ba Odin kí Èrò má lọ láìbọ̀,
ṣùgbọ́n ti Ìrántí ló ń já a láyà jù.

Torgunn gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀:
“Ẹ̀rù baba lẹ fẹ́ kí n kọ sí iwájú orí ọmọ?”
Wọ́n ní kó kọ ọ́.
Ó kọ ọ́.

Munin lọ, Munin bọ̀, ogún ọdún àti mẹ́ta,
kùrukùru òkun kò gbé e mì lọ́jọ́ kan.
Ó wà ní ilé àkójọ báyìí, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ àjà,
àwọn ọmọ iléèwé ń jẹ búrẹ́dì lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀.

Ìyá mi ni Torgunn.
Ní ilé àwọn arúgbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
ó ń bi mí pé ọmọ ta ni mí,
ó ń bi mí pé ìkejì ha ti balẹ̀.
Mo ní ó ti balẹ̀, ìyá, ó ti pẹ́.
Àbí orúkọ ló ṣìnà,
tó fi irin sílẹ̀, tó lọ ro ẹni tó kọ ọ́?
Ṣùgbọ́n bí mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú,
ìka rẹ̀ a máa rìn ní àtẹ́lẹwọ́ mi:
ó gòkè, ó sọ̀, ó gòkè, ó sọ̀,
M, láìgbọ̀n.