Ẹfun àti Èédú

Lẹ́yìn ẹ̀rọ tí ìyá mi fi ń lọ àgbàdo ní Kétu,
níbi tí ìyẹ̀fun ti bo igi àjà bí eruku ọyẹ́,
ògiri kan wà tó mọ̀ mí ju ọ̀gá mi ní Kútọnu lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n sọ iye tí nǹkan yóò jẹ́ kó tó jẹ́ ẹ.
Mo ní tábìlì, mo ní kọ̀ǹpútà,
mo ní ọdún mẹ́fà tí mo fi jókòó ní yunifásítì.
Lóṣooṣù mo máa ń tẹ ìyá mi láago:
"Màámi, tóńgólò àgbàdo yóò gbówó lérí díẹ̀,
bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún."
Àwẹ̀ró kì í bá mi jiyàn.
Yóò ní kí Rúfínì mú ẹfun wá,
kó fa ìlà funfun síbi tí mo pè é.
Bóṣù bá parí, òun fúnra rẹ̀ a mú èédú,
a fa ìlà dúdú síbi tọ́jà dúró sí.

Mo wálé lọ́dún Àjíǹde.
Ó gbé àtùpà, ó mú mi lọ wo iṣẹ́ mi.
Ìlà funfun méjìdínlógún. Dúdú méjìdínlógún.
Lóṣù tí wọ́n ti ẹnubodè Ìlárá pa,
tí epo bẹntiróòlù ò rọ́nà kọjá,
ìlà dúdú fò kọjá orí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù.
Ojú tì mí. "Màámi, ta ló lè mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀?"
"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kọ́ ni mo pè ọ́ wá wò."

Mo fẹ́ fọgbọ́n ilé ìwé yọ ara mi:
mo ní ká ro èyí tí mo fi jù pọ̀ mọ́ èyí tí mo fi dín,
kí wọ́n jẹ ara wọn, àṣìṣe mi ò ní tó nǹkan.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
"Rúfínì jẹ àjẹkì lánàá, ó febi sùn lónìí.
Ṣé wàá ní ó jẹun níwọ̀ntúnwọ̀nsì?"

Ó wá gbé àtùpà sún mọ́ ògiri.
"Ẹni tó ń tafà, tó ń bọ́ sọ́tùn-ún, tó ń bọ́ sósì,
ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n, yóò kọ́ ọ.
Èyí tó ń bọ́ sílẹ̀ ṣáá, ọrun rẹ̀ ló wọ́.
Láléyẹ, kà á.
Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá nínú méjìdínlógún, ẹfun wà lábẹ́ èédú.
Ta lò ń bẹ̀rù?"

Mi ò dáhùn.
Mo rántí ìwé tó kúrò lórí tábìlì mi ní márùn-ún,
tó ti ọ́fíìsì ọ̀gá padà ní mẹ́ta,
tí mo sì buwọ́ lù ú.

"Má banú jẹ́," ló wí, ó ń nu ọwọ́ sára ìró.
"Ó ti tó ọdún kan, bó o bá ti pe mẹ́ta,
márùn-ún ni mo ń múra dè.
Mo ti fi ìbẹ̀rù rẹ ra bẹ́líìtì tuntun fún ẹ̀rọ yìí."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gba ẹfun lọ́wọ́ Rúfínì.
Mo na apá, ibi tí mo rò gan-an ò ṣeé kàn.
Ìyá mi ò wo ojú mi. "Gbé àkàbà fún un," ló wí.

Èédú ṣì wà létí ìró rẹ̀.
Oṣù ò tíì parí.