Àkùkọ Tí Kò Kọ

Bántáàmù ni wọ́n ń pè é, àkùkọ kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni alùpùpù náà fi dákẹ́ lábẹ́ tápólì
ní ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé Ìyá Sutcliffe, ní Halifax,
níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tí àwọn ilé fi dìrọ̀ mọ́ra wọn.
Ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Ọkọ rẹ̀ ti kú.
Ó ní, "Gbé e lọ, kí n lè ráyè kó ìkòkò òdòdó mi sí."

Mo gbé e. Mo ha ìpẹtà rẹ̀ dànù.
Mo kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ẹ̀ẹ̀mẹta,
títí ó fi ń dán bíi bàtà ọmọléèwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè.
Ó rẹwà. Kò kọ.

Mo tẹ̀ ẹ́: kùtù. Mo tún tẹ̀ ẹ́: kùtù, kùtù,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò.
Epo dé ibẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀.
Mo yọ púlọ́ọ̀gì, ó tutù, ó dúdú bí eyín amukòkò.
Mo fi í lé orí ẹ́ńjìnnì, mo pa iná ṣẹ́ẹ̀dì,
mo ní kí Mofẹ̀yìntolú bẹ̀rẹ̀ kó wò ó.
"Kí ni kí n máa wò, Dádì?"
"Ẹ̀ta iná. Bí ojú ológbò tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan."
Mo tẹ̀ ẹ́. "Ṣé o rí i?"
"Mi ò rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ti tutù."

Sátidé mẹ́rin ni mo fi tọ iná lẹ́sẹ̀.
Mo ra púlọ́ọ̀gì tuntun. Òkùnkùn.
Mo fi sáńpépà nu ojú póìntì,
mo fi páálí sìgá wọn àlàfo àárín wọn.
Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ra kọ́ìlì;
ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀, ìkòkò ló ń pariwo lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo tọ wáyà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ òkété.
Bátìrì ńkọ́? Ó kún dẹ́ńdẹ́.
Síbẹ̀ mo tẹ họ́ọ̀nù, ó wúkọ́ bí arúgbó;
mo tan iná iwájú, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú,
mo tẹ bíréèkì, ó tún rẹ̀ sí i.
Àmì nìyẹn. Mi ò rí i kà.

Ẹ má fi òwe Sókótó àti ṣòkòtò bú mi,
mo ti pa á fún ara mi lóru, níbi iṣẹ́,
bí ẹgbẹ̀rún bisikíìtì ti ń gba iwájú mi kọjá.

Lọ́jọ́ òjò kan, Ìyá Sutcliffe gbé tíì wá.
Ó wo wáyà, ó wo ọ̀dà, ó ní,
"Ilẹ̀ rẹ̀ dà?"
Mo wo ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì. Mo wo bàtà mi.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn pé Ìgbájọ ni,
kó tó na ìka sí nọ́ọ̀tì kan lábẹ́ ìjókòó,
ibi tí wáyà bátìrì ti fara kan férémù.
"Derek máa ń sọ pé iná tó bá jáde
gbọ́dọ̀ rọ́nà padà." Ó mu tíì rẹ̀.

Mo tú nọ́ọ̀tì náà.
Ọ̀dà mi ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, aláwọ̀ ewé,
ó tẹ́ sábẹ́ irin, iná ò rí i là kọjá.
Ọṣọ́ tí mo fi wọ̀ ọ́ ló dí i lẹ́nu.
Mo mú ọ̀bẹ, mo ha á, ó ń dùn mí,
títí irin fi funfun, ìwọ̀n kọ́bọ̀ kan.

A pa iná. Mofẹ̀yìntolú bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.
Tá!
"Ó ṣẹ́jú, Dádì! Ó ṣẹ́jú sí mi!"

Nígbà tó kọ, èéfín gba ṣẹ́ẹ̀dì kan,
ajá ilé kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.
Ìyá Sutcliffe ò rẹ́rìn-ín.
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táǹkì tó ń gbọ̀n, ó dijú,
tíì sì tutù sí i lọ́wọ́ kejì.
A ò pa á títí epo fi tán.

Iná ẹ̀yìn ò tíì tàn ṣá o.
Ó di Sátidé tó ń bọ̀.