Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Ilé Ìfìwéránṣẹ́

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.
Ọjọ́ kan ọ̀hún, lábúlé tiwa, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni,
láti aago mẹ́sàn-án títí tàdáwà òǹtẹ̀ mi á fi gbẹ.
Èmi Akmárálì, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́,
èmi ni mò ń ka owó tí wọ́n jí, tí wọ́n dá padà,
sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jí i lọ́wọ́ wọn.

Fèrèsé mi kọjú sí ibi tí Òkun Árálì wà nígbà kan.
Yanrìn ló kù, àti iyọ̀,
àti ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tó ti dípẹtà,
tí ràkúnmí ń sá oòrùn sí lábẹ́ wọn.
Bàbá mi pẹja níbẹ̀.
Omi lọ, ẹnikẹ́ni ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.
Wọ́n ní epo rọ̀bì ń bẹ lápá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè wa,
a ní Ọlọ́run ti fi ọ̀kan rọ́pò ọ̀kan.
Òun náà lọ.

Owó, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè.
Nígbà tí o fi wá sílẹ̀, epo ni ọ́:
o dúdú, o ń rùn, o lágbára.
Ta ló wẹ̀ ọ́ mọ́? Ta ló so táì mọ́ ọ lọ́rùn,
tó kọ́ ọ lédè àjèjì,
tó tẹ́ ọ sùn sínú àpótí irin nílẹ̀ àwọn òkè oníyìnyín,
níbi tí wọn kì í ti í béèrè orúkọ bàbá ẹni?
Ọdún mẹ́jọ lo fi sùn.
O bímọ níbẹ̀, èlé lorúkọ wọn.
Àwa náà bímọ níbí.
Ọmọ Sáùlé ò lò tó oṣù kan:
ẹ̀rọ tó ń mú yàrá ìgbẹ̀bí gbóná ti kú.
Ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ owó àtúnṣe rẹ̀
gba orí tábìlì mi yìí kọjá lẹ́ẹ̀mẹta.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lu òǹtẹ̀ lé e.

Ó wá dé báyìí, nínú àpò funfun, ó ti di wẹ́wẹ́.
Òórùn epo ti kúrò lára rẹ̀.
Kúnsúlù kó ọmọ mẹ́ta wá,
ó fi ẹ̀wù àwọ̀lékè ọkọ rẹ̀ wé èyí tó kéré jù.
"Bàtà mélòó nìyí?" Mo ní, "Ẹyọ kan, bóyá ààbọ̀ lé."
Ó bú sẹ́rìn-ín.
"Ẹsẹ̀ ọ̀tún á wọ tiẹ̀ lóṣù yìí, kí tòsì ṣì máa ṣe sùúrù."

Tìlẹ́úbẹ́dì arúgbó, tó wá gba ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ò lè rìn,
rí ọ̀rọ̀ náà, "ìrànlọ́wọ́", lórí ìwé.
Ó fa ìlà sí i nínú, ó kọ "tiwa" sókè rẹ̀.
Ìlú ńlá dá ìwé náà padà, wọ́n ní ó ti bà jẹ́.
Mo fún un ní òmíràn. Ó tún fa ìlà sí i.
Mo lu òǹtẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá kan wá láti ìlú ńlá, ó fẹ́ ya wá ní fọ́tò,
ká rẹ́rìn-ín, ká dúpẹ́.
Úljánì ní, "Lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ ẹni tó jí i ni,
àbí lọ́wọ́ ilé tó bá a gbé e pa mọ́?"
Ọ̀gá wo ẹ̀rọ rẹ̀. Òtútù ti pa bátìrì.

Sáùlé ò sí lórí àkọsílẹ̀. Kò lọ́mọ tí wọ́n lè kà.
Síbẹ̀ ó ń wá ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
ó ń jókòó ti sítóòfù mi, kì í béèrè nǹkan kan.
Lónìí ó gbé igi ìdáná lọ́wọ́ wá.
Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn,
mo ṣírò owó ọjọ́ náà pọ̀ mọ́ èyí tó kù, lẹ́ẹ̀mejì.
Ó pé.
Ó pé, ó sì pẹ́.
Sáùlé ki igi kan sí i sínú iná.