Ọ̀kan Lọ́rùn, Ọ̀kan Lókùn

Ìyá Silifátù kò kọ́kọ́ dá mi lóhùn.
Ó wo búláòsì tó wà lọ́rùn mi,
ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja,
ọ̀kan nínú márùn-ún tí mo rà ní Gbági
nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀.
Ó fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀,
ó ṣá ìṣáná.
Fọ́nrán náà ká kò, ó yọ́,
ó di kókó dúdú bí hóró ìbẹ́pẹ.
"Ọ̀rá lo wọ̀.
Ẹran ni wọ́n ń fi ọ̀rá dì lọ́jà,
ta ló ní kí o fi di ara?"

N kò lè jiyàn, abíyá ń yún mi láti àná.
Nọ́ọ̀sì ni mí, Adéọ̀yọ́ ni mo ti ń bọ̀,
àágùn iṣẹ́ òru ṣì wà lẹ́yìn mi,
kò rí ibi tí yóò gbà jáde.

Ó fa fọ́nrán mìíràn nínú bùbá ara rẹ̀,
èyí tó ti ń wọ̀ kí wọ́n tó bí mi.
Ó jó wẹ́rẹ́ bí ìwé,
ó rùn bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn,
ó fẹ́ eérú rẹ̀ kúrò látẹ́lẹwọ́.
"Òwú nìyí. Ilẹ̀ ló ti wá,
ó mọ ọ̀nà ilé."

Mo fi àwàdà sọ pé
ṣebí àwọn àgbà ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ.
Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, ó yọ awò ojú.
"Ọ̀lẹ wo?
Èyí tó gbìn ín, àbí èyí tó já a,
àbí èyí tó jókòó ti kẹ̀kẹ́ títí ọwọ́ fi bó?
Kíjìpá kan ṣoṣo ni ìyá mi fi pọn ọmọ mẹ́fà.
Èmi ni ìkẹfà.
Kò tíì ya nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀."

Mo ní kó rán márùn-ún. Ó ní méjì.
"Ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lókùn.
Ẹ̀kẹta á kàn sùn sínú àpótí,
á máa rò pé o ò fẹ́ràn òun."
Ó fi ìka mẹ́ta aṣọ pamọ́ sí ojú rírán
nítorí pé ara obìnrin kì í dúró sójú kan.
Ó fi yẹ̀rì kan sí i, n kò bèèrè,
ó ní àpò nínú bíi tòbí àtijọ́
kí owó ọkọ̀ má baà bọ́.
Iye tó gbà ju ti márùn-ún Gbági lọ.
Mo kùn. N kò ní purọ́,
mo kùn títí mo fi dé Mọ́kọ́lá.

Ọdún kẹta rèé.
Òjò ti pa wọ́n, oòrùn ti sá wọn,
funfun wọn ti rọ̀, ó fẹ́ jọ wàrà.
Lóṣù tó kọjá, mo ti ń lọ sílé,
obìnrin kan bímọ sẹ́nu géètì wa,
kò dúró de bẹ́ẹ̀dì.
Mo bọ́ bùbá mi, mo fi wé ọmọ náà,
ó ku èmi àti ṣimí.
Mẹ́gáàdì yíjú sí ògiri, ó ń ka kùránì.
Omi tútù ṣí ẹ̀jẹ̀ náà,
àfi àbàwọ́n kan bí ewé tẹ̀tẹ̀ létí ìsàlẹ̀.

Mo gbé e lọ sí Yemẹ̀tú kó bá mi lẹ̀ ẹ́.
Ìyá Silifátù gbé e sí ìmọ́lẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀.
"Fi í sílẹ̀. Bó bá ya, gbé e wá,
a ó gé e ní ìtẹ́dìí,
lẹ́yìn náà aṣọ ìnùkòkò,
lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ata ẹ̀yìnkùlé mi yìí."

Bí mo ti ń padà bọ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Nínú gọ́tà lẹ́bàá Ògùnpa
mo rí búláòsì kan, kò dá mi lójú bóyá tèmi ni,
apá kan wọ inú ẹrọ̀fọ̀, apá kan ń lúwẹ̀ẹ́.
Kò ṣá. Kò ya.
Ó ṣì ń dán bí ẹ̀yìn ẹja.