Aago Mẹ́jọ ní Ìlú Kékeré kan ní Alabámà

Oòrùn ti rẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ owú,
ó pọ́n, ó wú, bí ojú ẹni tó sunkún tán tí ò fẹ́ ká béèrè.
Cleotha onígbàjámọ̀ ti yí pátákó ilẹ̀kùn rẹ̀ padà,
ó ń gbá irun ọjọ́ kan jọ: dúdú, funfun, aláwọ̀ eérú,
kò sí èyí tó rántí orí tó ti bọ́.

Ooru ò tíì lọ.
Ó jókòó sára bíríkì bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.
Verlene gbé àga síta,
ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́ láìwo ọwọ́,
etí rẹ̀ wà lọ́nà ọkọ̀ ojú irin
tó pẹ́ lánàá, tó tún pẹ́ lónìí.

Ojú irin yẹn ló pín ìlú sí méjì láti ìgbà àwọn bàbá wa:
apá ìhín, apá ọ̀hún.
Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́. Gbogbo ẹsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.
Ṣùgbọ́n òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀:
ó ti etí odò wá,
ó gun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, ó gun tiwa,
kò kan ilẹ̀kùn.

Mo gẹrun tán, mo dúró,
afẹ́fẹ́ ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi wò bí ẹni fẹ́ ra aṣọ.
Tànátàná kan tàn, òmíràn tàn,
bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú koríko.

"Ṣé o rí i," ni Verlene wí, "kò tíì dé."
Mi ò bi í léèrè
bóyá ọkọ̀ ni àbí èèyàn.