Koríko Tí Ewúrẹ́ Kì í Jẹ

Àná ni wọ́n tú báńdéèjì lójú Bàbá
ní ọsibítù kan ní Gáríkì.
Dókítà ní kó má wo iná, kó má wo tẹlifíṣọ̀n,
kó máa wo ohun tó tu ojú lára.
Mo ro ohun tó tu ojú lára ní Ábújá títí,
mo rántí ọgbà tó wà ní Màìtámà.

A wọ bọ́ọ̀sì láti Nyányà,
a tún wọ takisí aláwọ̀ ewé
tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí láti inú.
Bàbá dé fìlà bí ẹni ń lọ kí àna.
Ẹ̀wà àti dòdò wà nínú kúlà,
ẹní wà lábẹ́ abíyá mi.

Lẹ́nu géètì ó dúró.
"Ta ló ń jẹ koríko yìí?"
Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́.
"Ewúrẹ́ ńkọ́?"
Wọn kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ wọlé, Bàbá.
Ó wá ibi tí koríko náà parí sí, kò rí i.
"Iṣu ìbá ta níhìn-ín," ó ní,
ó sì wọlé tìkọ̀tìkọ̀.

Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kan.
Àwọn ọmọdé ń yí gbirigbiri bọ̀ láti orí òkè kékeré.
Ọkọ àti ìyàwó tuntun ń ya fọ́tò,
ayàwòrán wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú koríko
bí ẹni pé òun ló ń tọrọ ìyàwó.
Atẹ́gùn fẹ́ wá láti ìhà àpáta Asò.
Mo bọ́ bàtà. N kò mọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀
tí kì í ṣe sìmẹ́ǹtì.

Bàbá kò jókòó.
Ó di ojú ọ̀tún, ó ṣí i, ó di tòsì.
"Àwẹ̀ró," ó pè mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀,
"ṣé báyìí ni ewé ṣe ń ní etí?"
Fún ọdún mẹ́rin, òkùnkùn kan ṣoṣo ni igi jẹ́ fún un,
òkùnkùn tó ń mì tí atẹ́gùn bá fẹ́.
Ó yíjú sí mi. Ó wò mí pẹ́.
"O ti hu ewú."
Mo rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣíbí.

Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́.
Mo bá a níbi tó lóṣòó sí
lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá Gbàgyí kan tó ń tún ọgbà ṣe,
Shẹ́kwólò lorúkọ rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ wà léjìká rẹ̀.
Bàbá fa koríko kan tu: "Ẹ̀kan!"
Èkejì pè é ní èdè tirẹ̀,
Bàbá pè é tẹ̀lé e, ó ṣì í pè,
àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.
Àgbà méjì tí ọ̀tá wọn papọ̀.

Shẹ́kwólò wá bá mi sọ Haúsá:
ibi tí mo tẹ́ ẹní sí, oko ọkà bàbá òun ni
kí ìlú tó dé;
igi irú náà, ìyá òun ló ń ká èso rẹ̀.
Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá.
Ó ní kí n bi í bóyá wọ́n sanwó fún un.
Mo bi í.
Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sí èjìká kejì.
"Wọ́n ń san án lóṣooṣù," ó ní,
"kí n máa bá wọn ro ó."

Bàbá kò fèsì.
Ó padà síbi ẹní, ó gbé etí rẹ̀ kan sókè,
ó fọwọ́ pa koríko abẹ́ rẹ̀:
ó ga díẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó tún ga.
Ojú mi tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ kò rí i tẹ́lẹ̀.
"Sún," ó ní. "Orí ebè lo jókòó sí."

Mo sún ẹní sínú poro.
Ó bọ́ bàtà kó tó tẹ̀ ẹ́,
ó sì juwọ́ sí Shẹ́kwólò
pé kó wá, oúnjẹ ń tutù.