Àkọ́rọ̀ Òjò

Kílò mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n fún mi.
Mo gbé àpótí kọ́ òṣùwọ̀n tí mo yá lọ́wọ́ Ìyá Ṣéwà,
ó ju bẹ́ẹ̀ lọ; mo yọ gààrí.
Ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ; mo yọ ẹsẹ̀ bàtà kan.
Kí ni bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan fẹ́ lọ wá ní Jàkátà?

Ọyẹ́ ti bo Kúbùwà mọ́lẹ̀,
òkè ẹ̀yìn ilé wa ti di ohun tí à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lásán.
Ẹ̀rọ omi ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù kọkànlá.
Èmi tí mo kàwé omi,
tí mo mọ bí a ti í kó omi ìlú sínú páìpù
kí ó máa gbọ́ràn bí ọmọ iléèwé,
owó ni mo fi ń ra tèmi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì
lọ́wọ́ Bíṣìrù, mẹ́ruwà wa.

Ó da kẹ́ẹ̀gì kẹta sínú dúrọ́ọ̀mù, ó wo àpótí.
"Níbo?"
"Jàkátà."
"Ṣé ọ̀nà Máídúgùrì ni?"
"Ó kọjá Máídúgùrì. Ó kọjá Mẹ́kà pàápàá."
Ó dákẹ́ díẹ̀ fún ibi tó kọjá Mẹ́kà.
"Kí ló wà níbẹ̀?"
"Omi. Ó pọ̀ jù fún wọn.
Ìlú náà ń rì, òkun ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀,
wọ́n ní kí n wá bá wọn tì í padà."
Bíṣìrù rẹ́rìn-ín títí ìdérí kẹ́ẹ̀gì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀:
"Ibi tí omi ò sí, wọn ò pè ọ́.
Ibi tí omi ti ń lé èèyàn ni wọ́n ti ránṣẹ́ sí ọ!"
N kò rí èsì. Mo san owó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin,
mo ní kó má wulẹ̀ wá ṣéńjì.

"Ọdún méjì péré ni," ni mo ń wí fún gbogbo ẹni tó bi mí.
Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi, mo jogún rẹ̀ ni.
Bàbá bàbá mi, Ajéígbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́,
ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní téṣàn rélùwéè Ọ̀fà:
"Ọdún méjì péré. Kánò nìyí lọ́hùn-ún."
Ó ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ní Sábọ́ngàrì fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.
Ó ń fi Háúsá lálàá, ó ń fi Yorùbá jí.
Ilé tó ń kọ́ sílé dé ojú fèrèsé, ó dúró;
ewúrẹ́ ló bá a ṣílé.
Wọ́n bí bàbá mi ní Kánò, wọ́n bí mi ní Kàdúná,
mo ń gbé Àbújá.
Ẹsẹ̀ ìdílé wa kò mọ ibi tí à ń pè ní ó-tó.

Màmá pè láti Kàdúná. Kò sunkún.
Ó bi mí bóyá wọ́n ní ata níbẹ̀.
Mo ní ata wọn ta ju tiwa lọ.
Ó ní, "Irọ́ ni," ó sì pa fóònù.

Láàárọ̀ yìí, Bíṣìrù tún kan ilẹ̀kùn, kò gbé kẹ́ẹ̀gì dání.
"Èmi náà kì í ṣe ará ibí.
Ọ̀gbẹlẹ̀ ló lé mi wá láti abúlé wa ní Kàtísínà.
Ṣùgbọ́n bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀,
bí mo bá ti gbóòórùn ilẹ̀ tó mu omi,
kò sẹ́ni tó lè dá mi dúró; ọkọ́ mi ti ń pè mí nìyẹn.
Ìwọ ńkọ́, kí ni yóò pè ọ́?"

Wọ́n ní òjò kì í fẹ́ẹ̀ dá ní Jàkátà.
Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ àkọ́rọ̀?

Dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè. Mo yà sẹ́yìn ilé,
mo bu erùpẹ̀ gbígbẹ kún ike àtíkè.
Bí wọn ò bá gbà á lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀,
lọ́jọ́ kan, ní àjà kejìlélógún,
màá da omi ṣíbí kan lé e,
màá sún imú mọ́ ọn.

Mo dá òṣùwọ̀n padà fún Ìyá Ṣéwà.
N kò wọn àpò ẹ̀wù mi.